Yàrá Tútù, Yàrá Gbígbóná: Bí Mo Ṣe Ń Kúrò Nílé Ìwẹ̀ Ayin Mluka

Madam Rafika, ọ̀gá àwọn tó ń bójú tó àwókù ayé àtijọ́, alága wa lónìí, ẹ káàbọ̀ o. Ẹ fi ọ́fíìsì tó tutù sílẹ̀, ẹ wá bá wa jókòó nínú ooru. Bàbá wa Lèmọ́mù Tijani, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń wo aago látìgbà tí mo ti dìde, mo ti rí yín. Ẹ fọkàn balẹ̀, mi ò ní jẹ́ kí ìrun Alásárì ká wa mọ́bí. Ẹ̀yin àgbà Ayin Mluka, ẹ̀yin bàbá tẹ́ ẹ fi òdòdó jásímìnì há etí bí ọkọ ìyàwó, ó yẹ yín. Ẹ̀yin ìyá wa, pàápàá ìyá tó bí mi lọ́mọ, Naziha, tó ti ń bá àwọn obìnrin ìlú yìí họ ẹ̀yìn nílé ìwẹ̀ láti ọdún mẹ́rìnlélógún, tó mọ ẹni tó ní àpá, tó mọ ẹni tó ní làpálàpá. Ẹ bọ̀wọ̀ fún wọn o, torí bí wọ́n bá la ẹnu, ìlú tú! Monji oníkafé, tó kó àga jáde sábẹ́ igi páìnì, tó ní ọ̀fẹ́ ni tíì òní: ẹ tètè mu ún, ọkàn Monji kì í pẹ́ yí padà. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi tá a jọ ń dọdẹ àlejò lẹ́nu géètì. Àti ẹnì kan tó jókòó sẹ́yìn pátápátá, tó fara ti ògiri, tí kò fẹ́ ká rí òun. Mo ti rí yín, Bàbá Kemais. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ̀yin èèyàn mi!

Wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ ìdágbére. Ẹ gbà mí o. Àwọn tí ẹ̀yìn ń dùn ló ń fẹ̀yìntì. Èmi ọmọ ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n, tí ẹ̀yìn mi le koko bí ògiri Róòmù, èmi náà ń fẹ̀yìntì! Ta ló rí irú ẹ̀ rí? Kì í kúkú ṣe pé ẹnì kan gbà mí síṣẹ́ níbí, bẹ́ẹ̀ ni kò sẹ́ni tó lè lé mi. Ọdún mẹ́wàá gbáko, èmi Wanis ni mo ń mú àlejò rìn nínú àwókù ilé ìwẹ̀ tó wà lẹ́yìn mi yìí. Mi ò kàwé kọjá kíláàsì kẹfà. Olùkọ́ mi sọ fún ìyá mi lójú mi pé, "Naziha, orí ọmọ yìí dà bí àgbá omi àwọn ará Róòmù. Ó tóbi, àmọ́ omi ò sí níbẹ̀ mọ́." Ẹ wá wò ó lónìí! Mo lè purọ́ ní èdè mẹ́fà. Màá kí ọ ní ti Jámánì, màá pa ọ́ lẹ́rìn-ín ní ti Ítálì, màá fi ti Faransé ta fìlà fún ọ, o ò sì ní mọ ìgbà tó dé orí rẹ.

Ẹ sì ti gbọ́ ìròyìn. Ìwé iṣẹ́ wà nínú àpò àyà mi níbí, Madam Rafika ló fọwọ́ sí i. Lọ́jọ́ Ajé, èmi Wanis á di ọ̀kan nínú àwọn tó ń tún ògiri tò nílé ìwẹ̀ ńlá tó wà létí òkun. Aṣọ iṣẹ́! Fìlà ìjọba tí n kò ní tà! Ìyá mi ti sọ ọ́ fún gbogbo obìnrin tó bọ́ṣọ níwájú wọn. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n tètè là á fún yín: kí n tó jókòó lónìí, ó ṣeé ṣe kí ìwé yẹn má sí lápò mi mọ́. Ẹrù kan wà lọ́rùn mi. Orúkọ Bàbá Kemais ni ẹrù náà bà jẹ́, èmi ni mo ni ín, mi ò sì ní gbé e kọjá géètì yìí. Ẹ má pariwo. Ẹ jẹ́ kí n dúpẹ́ ná. Ẹni mọ inú rò ló mọ ọpẹ́ dá.

Ọmọ ọdún méjìdínlógún ni mí nígbà tí mo gbé apẹ̀rẹ̀ fìlà koríko wá síbí. Bàbá Kemais ni ẹ̀ṣọ́. Wọ́n ti lo ọdún mọ́kànlélógún nígbà yẹn, kọ́kọ́rọ́ géètì ń rọ̀ dirodiro lọ́rùn wọn lórí okùn awọ. Ẹ̀rù wọn ń bà mí. Lọ́jọ́ kan, àlejò kan láti olú-ìlú, tó ń sọ èdè wa, bi mí pé kí ni àwọn òpó kéékèèké tó wà nílẹ̀ yẹn. Ẹ mọ̀ wọ́n: bíríkì pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ tí wọ́n tò léra títí tó fi kan orúnkún, bí àwo tí ìyàwó ilé fọ̀ tó tò léra. Mi ò mọ̀ ọ́n. Ṣé ẹ wá rò pé èmi Wanis á la ẹnu sọ pé mi ò mọ̀? Mo ní, "Ọ̀gá, ìjókòó àwọn aràrá ọba ni. Àádọ́rin aràrá ló ń jókòó síbí, tí wọ́n ń kọrin fún ọba bó bá ń wẹ̀." Àlejò ya fọ́tò títí ọwọ́ ẹ̀ fi ro. Bí mo ṣe yíjú báyìí, Bàbá Kemais ló dúró lẹ́yìn mi.

"Wanis."

"Bàbá."

"Aràrá mélòó?"

"Àádọ́rin, Bàbá."

"Ka òpó yẹn."

Mo kà á. Igba ó dín mẹ́jọ.

Wọ́n ní, "Ó ku aràrá méjìlélọ́gọ́fà tó dúró lórí ìdúró." Wọn ò rẹ́rìn-ín o. Wọ́n ní, "Lọ sílé ìwẹ̀ tí ìyá rẹ ti ń ṣiṣẹ́, lọ́jọ́ tó bá kan àwọn ọkùnrin. Dùbúlẹ̀ nínú yàrá gbígbóná. Bi ẹ̀yìn rẹ léèrè ibi tí ooru ti ń wá. Bó bá dá ọ lóhùn, kí o padà wá."

Mo lọ. Mo dùbúlẹ̀ bí ẹja tí wọ́n fẹ́ yan. Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ̀yìn mi sọ̀rọ̀! Ilẹ̀ ni ooru ti ń wá. Mi ò rí iná, mi ò rí èéfín, ilẹ̀ ṣáà ń gbóná bí ara aláìsàn ibà. Mo sáré padà wá, Bàbá Kemais wá mú mi wọ inú àwókù yìí, wọ́n ní kí n fi ikùn wọ́ wọ abẹ́ ilẹ̀ tó kù láàárín àwọn òpó yẹn. Ìgbà yẹn ló tó yé mi. Ìta ni wọ́n ń dáná sí. Èémí iná á wọ abẹ́ ilẹ̀, á máa rìn káàkiri láàárín àwọn òpó, á gun inú ògiri lọ nínú bíríkì oníhò, á jáde lókè òrùlé. Ó lé lẹ́gbẹ̀rún kan ààbọ̀ ọdún tí wọ́n ti ṣe é, kò sì sẹ́ni tí èéfín wọ̀ lójú! Mo dúró síbẹ̀, eruku wà ní ihò imú mi, mo ní, "Bàbá, àwọn èèyàn yìí gbọ́n." Wọ́n ní, "Wọ́n gbọ́n. Wọn ò nílò aràrá rẹ."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ mi. Wọn ò mọ ìwé, ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀, àmọ́ òkúta wo ni wọn ò mọ̀? Àwọn òyìnbó tó kọ́kọ́ gbẹ́ ibẹ̀, apẹ̀rẹ̀ erùpẹ̀ wọn ni Bàbá Kemais rù nígbà tí wọ́n wà lọ́dọ̀ọ́, gbogbo ohun tí àwọn òyìnbó yẹn sọ ló wà lórí Bàbá. Ibí ni wọ́n ti ń bọ́ṣọ, ẹ wo ihò tí wọ́n ń kó o sí lára ògiri. Ibí ni yàrá tútù, pẹ̀lú kòtò omi ẹ̀, àti àwòrán ẹja tí wọ́n fi òkúta wẹ́wẹ́ tò sílẹ̀. Ẹja kan ò lójú níbẹ̀. Ibí ni yàrá lílọ́wọ́ọ́wọ́, tó wà láàárín, kí ara má bàa fò láti inú òtútù bọ́ sínú ooru lẹ́ẹ̀kan náà. Ibí ni yàrá gbígbóná. Olówó kan ló kọ́ ọ fún ìlú kí wọ́n lè máa pe orúkọ ẹ̀ títí láé. Ẹ wo orúkọ náà lórí òkúta ẹnu ọ̀nà, ìdajì ti já bọ́. Nígbà tí ọ̀nà omi tó ń ti orí òkè wá wó, omi dá, wọ́n sọ yàrá lílọ́wọ́ọ́wọ́ di ibi tí wọ́n ń fún òróró ólífì. Lẹ́yìn òróró, ewúrẹ́. Lẹ́yìn ewúrẹ́, àwọn bàbá ńlá wa tó ń wá bíríkì. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀! Ilé ta ló wà nílùú yìí tí òkúta Róòmù ò sí lára ẹ̀? Òkúta tí ẹ ń tẹ̀ wọ kafé Monji, àbí ẹ rò pé ọjà ló ti rà á?

Ẹ gbọ́ ohun tí Monji ń sọ? Ó ní, "Bàbá tó bí bàbá mi ló gbé e, èmi kọ́!" A ti gbọ́. Madam, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ ọ́ sílẹ̀.

Áà, ẹ jẹ́ kí n rántí díẹ̀. Ṣé ẹ mọ ohun tí mo máa ṣàárò ẹ̀ jù? Ẹ ò ní gbà gbọ́, kì í ṣe àlejò. Àárọ̀ ni. Kí wọ́n tó ṣí géètì, bí òjò bá rọ̀ lóru, ewé táìmù á máa rùn jáde láàárín àwọn òkúta. Ẹyẹ alápàáǹdẹ̀dẹ̀ á máa wọ inú bíríkì oníhò yẹn, wọ́n sọ ọ̀nà èéfín di ilé ọmọ. Èmi àti Bàbá Kemais á jókòó sétí kòtò omi tútù, a óò máa fi búrẹ́dì run òróró àti ata. Lẹ́yìn náà, wọ́n á bọ́ bàtà. Lójoojúmọ́ ni wọ́n ń bọ́ ọ! Wọ́n á fi kẹ́tù da omi díẹ̀ sórí àwòrán ẹja, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó ń jí ọmọ fún sààrì. Àwọ̀ á jáde: aró, pupa, àwọ̀ oyin. Wọ́n á ní, "Wò ó, Wanis, wọ́n jí." Mi ò ní ẹnu tí mo fi lè sọ ọ́ fún yín bó ṣe rí. Èmi tí mo ní ẹnu!

Lọ́jọ́ Jímọ̀, bí wọ́n bá fẹ́ lọ kírun, wọ́n á bọ́ kọ́kọ́rọ́ kúrò lọ́rùn, wọ́n á fi kọ́ mi lọ́rùn. "Ṣọ́ ilé." Ohun tí wọ́n máa ń sọ nìyẹn. Wọn ò fún ọmọ tiwọn ní kọ́kọ́rọ́ yẹn rí.

Ó dáa. Mo ti débi tí mo ń sá fún.

Ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, wọ́n gbé pátákó tuntun wá. Irin ni, ẹsẹ̀ méjì méjì, gbogbo wọn jọra bí ìbejì, wọ́n kọ èdè mẹ́ta sí i. Bàbá Kemais pè mí pé kí n ka ohun tí wọ́n kọ fún wọn. Mo kà á: "Yàrá Tútù" rèé. "Yàrá Gbígbóná" rèé. Bàbá rí i pé wọ́n ri pátákó kọ̀ọ̀kan mọ́ àyè ẹ̀. Kò sí wàhálà.

Èmi ni mo ní wàhálà. Yàrá gbígbóná yẹn, ibi tí oòrùn ń wọ̀ ló kọjú sí. Lóṣù Keje, lọ́sàn-án, ẹyin á jinná lórí òkúta ẹ̀. Ibẹ̀ sì ni ìtàn mi ti dùn jù! Ibẹ̀ ni iná wà, ibẹ̀ ni ẹrú tó ń kó igi wà. Bí mo bá ti ń gbóná lẹ́nu báyìí, àlejò á máa nu ojú, á ní, "Wanis, ó tó, jẹ́ ká lọ síbi ibòòji." Níbo ni ibòòji wà? Yàrá tútù ni. Igi páìnì ṣíji bò ó láti àárọ̀ dalẹ́, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ yẹ́ẹ́. Àmọ́ kí ni mo fẹ́ sọ níbẹ̀? Omi tútù. Wọ́n wọ̀ ọ́, wọ́n gbọ̀n, wọ́n jáde. Ìtàn tán! Mo wá rò ó wò. Mo ní, bí àlejò ò bá fẹ́ lọ bá ìtàn, ìtàn á lọ bá àlejò.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, kọ́kọ́rọ́ wà lọ́rùn mi. Mo wọlé, mo gbé ṣọ́bìrì Bàbá Kemais. Mo hú pátákó méjèèjì, mo pààrọ̀ wọn, mo tẹ ilẹ̀ mọ́lẹ̀, mo da omi sí i. Kí Lèmọ́mù wa tó parí wáàsí, ẹ̀yin náà mọ̀ pé kì í tètè parí, mo ti padà sẹ́nu géètì, mo ń jẹ èso ólífì.

Bẹ́ẹ̀ ni. Èmi ni. Wanis ni.

Ìyá mi, ẹ fi bàtà yẹn sílẹ̀ ná, mi ò tíì parí.

Ọdún mẹ́ta ni mo fi jẹun lórí ẹ̀. Lábẹ́ ibòòji, nínú yàrá tútù, mo ń sọ ìtàn iná! Bí wọ́n bá bi mí pé abẹ́ ilẹ̀ tí iná ń gbà kọjá ńkọ́, mo ní ó ti rì. Bí wọ́n bá bi mí pé àwọn òpó kéékèèké tó wà lọ́hùn-ún ńkọ́, mo ní ibi tí wọ́n ń sá igi ìdáná sí ni. Èdè òyìnbó ni mo ń sọ, Bàbá Kemais ò gbọ́ ọ. Wọn ò lè ka pátákó. Èmi tí mo bá wọn kà á ni mo fi àìmọ̀wé wọn ṣeré. Ṣé ẹ rí i bó ṣe burú tó? Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Òtítọ́ tó bá tèmi, abọ́ oúnjẹ kuskus ló gbé dání.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ni, lọ́dún tó kọjá. Ẹ̀rọ tó ń se omi nílé ìwẹ̀ ìlú bàjẹ́, ìyá mi wá gbé oúnjẹ wá fún mi. Wọn ò wọ inú àwókù yìí rí. Wọ́n máa ń ní, kí làwọn fẹ́ wò nílé ìwẹ̀ tí kò lómi? Mo ní, "Ìyá mi, ẹ jẹ́ kí ọmọ yín mú yín rìn, kẹ́ ẹ rí bí mo ṣe já fáfá." Mo mú wọn dé abẹ́ igi páìnì, mo na ọwọ́ bí ọba: "Ibí ni yàrá gbígbóná!"

Wọ́n wo òkè. Wọ́n wo ilẹ̀. Wọ́n ní, "Wèrè wo ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Bí wọ́n ṣe kọ ọ́ nìyẹn, Ìyá."

"Ẹni tó kọ ọ́, ṣé ó wẹ̀ rí? Yàrá gbígbóná tó kọjú sí àríwá! Igbó mélòó ni wọ́n fẹ́ dá tán kí ibí tó gbóná?" Wọ́n bọ́ bàtà, wọ́n fi gìgísẹ̀ lu ilẹ̀: kì, kì. "O gbọ́? Inú ẹ̀ dì bí ti sàréè. Ilẹ̀ yàrá gbígbóná máa ń dún bí ìkòkò òfìfo." Wọ́n fà mí létí, èmi ọkùnrin tó ti hu irùngbọ̀n, lójú àwọn ará Jámánì, wọ́n wọ́ mi lọ sí yàrá kejì. Wọ́n lu ilẹ̀ ibẹ̀: gbìn-ìn, gbìn-ìn. Wọ́n ti ọwọ́ bọ inú bíríkì oníhò, ó jáde ní dúdú.

"Kí lèyí?"

"Erùpẹ̀ ni, Ìyá."

"Erùpẹ̀ bàbá ta? Èéfín ló dì síbẹ̀! Ìwọ ọmọ tí mo fi iṣẹ́ ilé ìwẹ̀ tọ́! Ọ̀sán ni wọ́n ń wẹ̀, oòrùn ọ̀sán á máa bá iná ṣiṣẹ́ níbí. Àwọn ará Róòmù ò gọ̀. Ìwọ lo gọ̀."

Àwọn ará Jámánì pàtẹ́wọ́. Wọ́n rò pé eré ni.

Ojú tì mí. Mo pinnu pé tí ọjọ́ Jímọ̀ bá dé, màá dá pátákó padà. Ọjọ́bọ̀ ni àwọn ọ̀gá dé láti olú-ìlú, pẹ̀lú àwọn àlejò tó mọ̀ nípa nǹkan wọ̀nyí. Ọ̀kan nínú wọn wo pátákó, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ikùn mú. Ọ̀gá tó wà nígbà yẹn, Madam, ẹ̀yin kọ́, ẹ ò tíì dé, ó pe Bàbá Kemais.

"Ta ni kọ́kọ́rọ́ ń bẹ lọ́wọ́ ẹ̀?"

"Èmi ni, ọ̀gá."

"Ta ló tún máa ń dá wọlé lẹ́yìn rẹ?"

Bàbá Kemais wò mí. Ẹ̀yin èèyàn mi, wọ́n wò mí. Mo dúró lẹ́nu géètì, fìlà mẹ́ta wà lórí mi, ọ̀kan lórí ọ̀kan. Ẹnu tó gbọ́ èdè mẹ́fà, kò sí èyí tó jáde. Mo wolẹ̀.

Wọ́n ní, "Kò sẹ́nì kankan."

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, lẹ́tà dé. Ta ni Bàbá Kemais gbé e wá bá pé kó kà á fún àwọn? Èmi náà ni. Mo kà á. Ó wà níbẹ̀ pé Kemais ba ohun tí wọ́n fi sí i níkàáwọ́ jẹ́. Pé kó dá kọ́kọ́rọ́ padà. Pé kó máa gbélé ẹ̀ títí oṣù ìfẹ̀yìntì ẹ̀ á fi pé, àti pé wọn ò ní ṣe ìdágbére kankan fún un. Ọgbọ̀n ọdún! Wọ́n ní, "Ṣé gbogbo ẹ̀ nìyẹn?" Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá." Wọ́n ní, "O ṣé. O mọ̀wé kà." Wọ́n wọlé, wọ́n rọra ti ilẹ̀kùn. Ká ní wọ́n gbá a ni, ì bá sàn fún mi.

Mi ò tún dúró síbẹ̀ o. Nígbà tí Madam Rafika dé, ojú iná, ibi tí àwọn ará Róòmù ti ń dáná níta, ni wọ́n ń wá. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n fi gbẹ́ ilẹ̀ lápá ibi tí oòrùn ti ń yọ, wọn ò rí ju egungun ewúrẹ́ lọ. Mo ṣakọ rìn lọ bá wọn, mo na ìka sábẹ́ igi ọ̀pọ̀tọ́ lọ́hùn-ún: "Madam, ẹ gbẹ́ ibí." Ọjọ́ méjì, ojú iná yọ, eérú ẹ̀ ṣì wà níbẹ̀! Gbogbo wọn pàtẹ́wọ́. Madam ní, "Wanis, ta ló kọ́ ọ?" Mo fọwọ́ lu àyà, mo ní, "Orí mi ni, Madam." Orí mi! Orí tí omi ò sí níbẹ̀! Bàbá Kemais ló ti fi ibẹ̀ hàn mí lọ́dún kẹta tí mo dé, pé ilẹ̀ ibẹ̀ nìkan ló máa ń dúdú bí òjò bá rọ̀, pé eérú ló wà nísàlẹ̀. Ohun tí ìyá mi sì sọ nípa oòrùn ọ̀sán ló fún mi láyà láti na ìka. Torí ìka yẹn ni wọ́n ṣe fún mi níṣẹ́. Oúnjẹ Bàbá Kemais ni mo jẹ, mo tún gba àwo lọ́wọ́ wọn.

Madam, ìwé iṣẹ́ rèé. Mo gbé e síwájú yín lórí tábìlì. Mi ò bẹ̀bẹ̀ nítorí ẹ̀. Ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún ò ju ẹyọ kan lọ: lẹ́tà tó wà nínú fáìlì bàbá yìí, ẹ yọ ọ́. Bí fáìlì ò bá gbọdọ̀ ṣófo, ẹ fi orúkọ tèmi sí i.

Ẹ ṣe sùúrù. Ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ̀rọ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lẹ́yìn, ohùn Madam ò ga, ẹ jẹ́ kí n tún un sọ fún yín. Wọ́n ní, "Lọ́jọ́ Ajé, má lọ sétí òkun. Ọ́fíìsì mi ni kí o wá. Wàá kọ gbogbo ohun tí o sọ yìí sílẹ̀, wàá fọwọ́ sí i, lẹ́tà Kemais á sì kúrò nínú fáìlì kó o tó dìde. Ní ti iṣẹ́ rẹ, mi ò ṣèlérí." Wọ́n ti ká ìwé náà, ó ti wọ báàgì wọn. Monji, má hó! Ohun tí wọ́n sọ tọ́. Màá wá, Madam. Màá kọ ọ́ bí ọwọ́ mi bá ṣe mọ̀ ọ́n kọ tó.

Bàbá Kemais ti dìde. Ẹ dákẹ́, ẹ dákẹ́ kí n gbọ́. Kí lẹ wí, Bàbá?

Wọ́n ní, "Oṣù mọ́kànlá, Wanis. Iwájú ilé mi lò ń gbà lọ sí kafé lójoojúmọ́."

Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. Mo lè wá àwáwí kan, àmọ́ irọ́ ni ì bá jẹ́.

Wọ́n ní... ẹ dákẹ́ o... wọ́n ní, "Bí oòrùn bá ń pa àlejò rẹ, kí ló dé tó ò bi mí? Agboòrùn ńlá kan wà nínú ilé ìṣọ́, ọdún mẹ́jọ ló fi wà níbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò ṣí i."

Ẹ̀yin èèyàn mi. Agboòrùn!

Ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ rẹ́rìn-ín, ó tọ́ sí mi. Èmi náà ń rẹ́rìn-ín, ẹ má wo omi tó wà lójú mi. Bàbá, ẹ foríjì mí. Mo dọ̀bálẹ̀ síbí, lórí erùpẹ̀, pẹ̀lú aṣọ tuntun tí ìyá mi rán. Bí ẹ bá fẹ́ ronú sí i, ẹ ronú. Oṣù mọ́kànlá ni mo fi jẹ́ kí ẹ dúró, èmi náà lè dúró.

Mo ti dìde. Ẹ jẹ́ ká ṣe nǹkan bó ṣe yẹ. Ìdágbére tẹ́ ẹ wá ṣe yìí, ẹ ṣi ẹni mú ni. Ẹni tó lo ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n níbí wà láàárín yín, ìparí oṣù yìí ni tiwọn pé, ẹnì kan ò sì gbé àga síta fún wọn. Ẹ bá mi yí àga yìí padà. Ẹ gbé tíì tí kò tíì tutù wá. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ dìde lórí ẹsẹ̀ yín, ẹ̀yin alára wíwúwo.

Ọlọ́run má jẹ́ kí omi orísun wa gbẹ. Kó má jẹ́ kí ilé tá à ń gbé di ohun tí àlejò á máa rà tíkẹ́ẹ̀tì wá wò. Kó fún Madam Rafika ní ojú iná púpọ̀ sí i. Kó fún ọwọ́ ìyá mi lókun, àmọ́ kó má jẹ́ kó dé etí mi lónìí. Ẹni tó bá ṣọ́ nǹkan fún wa, kó má ṣe jẹ́ àwa la máa bà á lórúkọ jẹ́. Ẹ ṣe àmín rẹpẹtẹ. Mo dúpẹ́ pé ẹ jókòó, mo dúpẹ́ pé ẹ ò sọ mí lókùúta, bẹ́ẹ̀ òkúta pọ̀ níbí. Ẹ ṣé o.

Bàbá Kemais, ẹ máa bọ̀ díẹ̀díẹ̀, àtẹ̀gùn ibẹ̀ yẹn ga. Ẹ gba gbohùngbohùn lọ́wọ́ mi. Ẹ sọ tiyín.